Ebi pa àwọn tó gbẹ́ ibojì Fáráò

Ẹ̀yin ará mi, bí wọ́n bá ti gbé àwòrán wúrà Tutankhamun, ọ̀kan lára àwọn Fáráò, ìyẹn ọba Íjíbítì àtijọ́, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú wa a máa dùn pé ọlá Áfíríkà nìyẹn. Ọlá ni lóòótọ́. Pósí tó wà nínú pátápátá, èyí tí wọ́n tẹ́ òkú ọba náà sí, wúrà ògidì ni, ó sì tó nǹkan bí 110 kílò. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kì í béèrè ohun tí àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rí jẹ.

Ní ìwọ̀ oòrùn Odò Náílì, ní òdìkejì Luxor, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Deir el-Medina lónìí. Ibẹ̀ làwọn oníṣọ̀nà tó ń gbẹ́ ibojì àwọn ọba ń gbé. Wọn kì í ṣe ẹni ilẹ̀ rárá. Ìjọba ló fún wọn nílé, àwọn kan lára wọn tiẹ̀ kun ibojì aláràbarà fún ara wọn. Ọkà ni owó oṣù wọn: àpò márùn-ún àti ààbọ̀ fún òṣìṣẹ́, méje àti ààbọ̀ fún ọ̀gá. Òun ni búrẹ́dì, òun ni ọtí, òun náà ni wọ́n fi ń ra nǹkan.

Lọ́dún 29 ìjọba Ramesses Kẹta, nǹkan bí ọdún 1157 ṣáájú ìbí Krístì, ọkà ò dé. Wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Ìwé pápírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí ṣì wà ní Turin, ní Ítálì. Wọ́n ní ebi àti òùngbẹ ló gbé àwọn dé ibẹ̀, pé kò sí aṣọ, kò sí òróró, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀fọ́, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Fáráò. Ebi kì í kúkú wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé tẹ́ńpìlì Ramesses Kejì, tẹ́ńpìlì tí àká ọkà pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ débi pé òrùlé alámọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ẹ wo ẹni tí ebi ń pa tó fẹ̀yìn ti ògiri àká!

Àkókò yẹn náà ni To, ìjòyè tó ga jù lábẹ́ ọba, wá kó àwọn òrìṣà ìhà gúúsù lọ síbi ọdún àjọ̀dún ọba. Kò yà sọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ ló rán: kò sí nǹkan nínú àká pàápàá. Ààbọ̀ ọkà ló fún wọn.

Lóòótọ́ ọkà ti ń gbówó lórí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọba yìí kan náà ni ìwé tó gùn ju 40 mítà lọ ń to ilẹ̀, màlúù, wúrà àti ènìyàn tó fi fún àwọn tẹ́ńpìlì. Mi ò gbà pé àìní ni. Pínpín ni kò tọ́.

Bí ẹni tó ń gbẹ́ ibojì ọba bá ń kígbe ebi, kí ni ká sọ nípa mẹ̀kúnnù? Ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú, Fáráò kan tó ń jẹ́ Akhenaten kọ́ ìlú tuntun sí ibi tí à ń pè ní Amarna. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún tábìlì ọrẹ ló wà nínú tẹ́ńpìlì oòrùn rẹ̀, oúnjẹ ló sì kún ara ògiri ibojì àwọn ìjòyè. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá tú sàréè àwọn aráàlú: àwọn ọmọ tí kò ga bó ti yẹ, eegun ẹ̀yìn tí ẹrù ti bàjẹ́. Ní itẹ́ òkú kan lápá àríwá, nínú òkú 105 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 sí 25, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tó ọdún 15. Ọmọdé ni wọ́n fi ṣe alágbàṣe! Nǹkan yìí ò kúrò lọ́kàn mi.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá wọn pe Amenpanufer ní olè lásán. Agbẹ́kùúta tẹ́ńpìlì òrìṣà Amun ni, ó jẹ́wọ́ lábẹ́ Ramesses Kẹsàn-án pé òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun bó wúrà ara ọba Sobekemsaf nínú ibojì. Ó ní wọ́n ti mú òun nígbà kan, òun kó ìpín òun fún akọ̀wé kan, ìyẹn sì tú òun sílẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.