Àtúnṣe: Ìbọn Sharps òde òní kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán
Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìbọn àtijọ́, pé àwọn ìbọn ọlọ́ta kan ṣoṣo tí wọ́n ń rọ lónìí ní àwòkọ Sharps, ìbọn Amẹ́ríkà ti ọdún 1874, kò wúlò ju kí a gbé wọn kọ́ ara ògiri lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé iṣẹ́ Sharps fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 1881. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ báyìí, bíi Shiloh Sharps ní Big Timber, ìpínlẹ̀ Montana, àti Pedersoli ní Ítálì, ń lo irin tó le ju ti ayé ìgbà náà lọ. Nínú ìdíje àwọn tó ń fi ẹ̀tù dúdú yìnbọn ní Amẹ́ríkà, irú ìbọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ fi ń bi àgbò onírin (irin tí wọ́n gé bí ẹran, tí wọ́n ń yìnbọn sí) ṣubú láti 500 mítà; adìẹ onírin (ẹ má rẹ́rìn-ín) wà ní 200 mítà.

Lóòótọ́, àwọn àwòkọ tí owó wọn kéré lè ní ohun ìfojúsùn (ohun tí a fi ń wo ibi tí ọta yóò bà) tí kò fi bẹ́ẹ̀ péye. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ń kà sí àbùkù ìbọn, ọwọ́ ayìnbọn ló ti wá: bí ọta òjé bá kéré ju ihò ọ̀pá ìbọn lọ, tàbí tí a kò nu èérí ẹ̀tù tó ń gan kúrò, ọta yóò ṣìnà, ì báà jẹ́ ojúlówó Sharps ni.