Eérú kan ò jọ̀kan

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wá ọ̀dà fún yàrá, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní "eérú ṣáà ni gbogbo wọn." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọ̀ eérú tí nǹkan kan ò fara pamọ́ sínú ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Òmíràn fà sí búlúù, òmíràn sí àwọ̀ ewé, òmíràn sí elésè àlùkò tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Lórí káàdì kékeré, ẹ ò ní rí i. Ìgbà tí wọ́n bá kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán ló máa ń yọjú.

Ẹ wo Agreeable Gray àti Repose Gray, ọ̀dà ilé iṣẹ́ Sherwin-Williams, méjì táwọn èèyàn sábà máa ń ṣiyèméjì lé lórí. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní LRV, láti 0 dé 100, tó ń sọ bí ọ̀dà ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó. Ti Agreeable Gray jẹ́ 60, ti Repose Gray jẹ́ 58. Nọ́ńbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Agreeable Gray fà sí àwọ̀ ilẹ̀, Repose Gray tutù lójú jù ú lọ.

Iná gan-an ló ń tú àṣírí wọn. Lábẹ́ gílóòbù 2700K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná) tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, eérú méjì lè jọra bí ìbejì. Ẹ fi 6500K tó funfun rọ́pò ẹ̀, ọ̀kan á di búlúù mọ́ yín lójú.

Èmi ò ní fara mọ́ kíkun bíńtín-bíńtín sára ògiri àtijọ́, torí àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń tan ojú jẹ. Ẹ kun pátákó fẹ̀ǹfẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá máa gbé e kiri yàrá: lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní kọ̀rọ̀, láàárọ̀, lálẹ́ tẹ́ ẹ bá tanná. Ẹ fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wéré ni ohun tó fara pamọ́ á hàn. Pẹ́ńtà tó bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó dúró.

Yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, eérú tó fà sí àwọ̀ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un. Tí méjì bá ṣì ń bá ara wọn dù ú, ẹ gbé pátákó náà lé táìlì ilẹ̀, kẹ́ ẹ mú èyí tó bá a mu. Ọ̀dà ṣeé yí padà. Títú táìlì ló nira.