Ta ló sọ fún yín pé orí ọkùnrin ni ìṣirò wà?

Ọmọbìnrin gba 30 nínú ìṣirò, wọ́n ní "ó kúkú jẹ́ obìnrin, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe áàtì". Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin gba 30, wọ́n ní eré ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sáré wá tíṣà lẹ́sìn fún un. Máàkì kan náà o, ilé kan náà! Ọ̀pọ̀ nínú wa, títí kan àwa tíṣà, ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ nìyẹn, ti ọkùnrin fún ìṣirò, ti obìnrin fún ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ sísọ. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ yìí sì ti gba iṣẹ́ tó wu ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ wo ọjà wa ná. Ta ló pọ̀ jù níbẹ̀? Ìyá aláta tí ò dé ilé ìwé rí, o ra ata 2,200, o ra tòmátò 1,500, o kó àlùbọ́sà 700 mọ́ ọn, o fún un ní 5,000, kó o tó yọ fóònù láti ṣírò ẹ̀ ó ti na ṣéńjì 600 sí ẹ. Kódà òǹkà Yorùbá gan-an, ìyọkúrò ló kún inú ẹ̀, ẹni tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti yọ 5 kúrò nínú 50 kó tó la ẹnu. Àwọn ìyá wa ń ṣe èyí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, a ò gbọ́ ọ rí pé ọpọlọ wọn ò gbé e. Ó wá di ojú pátákó kó tó di pé obìnrin ò lè ṣe é?

Lọ́dún 2008, Janet Hyde, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó máàkì ìṣirò àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méje jọ ní Amẹ́ríkà, láti kíláàsì 2 dé 11, wọn ò rí ìyàtọ̀ kan gúnmọ́ láàárín ọkùnrin àtobìnrin. Nínú PISA 2022, ìdánwò tí OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn rí jájẹ, ṣe káàkiri ayé fáwọn ọmọ ọdún 15, òótọ́ ni pé tí wọ́n bá pa àwọn orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ náà pọ̀, ọkùnrin fi máàkì 9 ṣíwájú, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́, àmọ́ ibi 17 wà tó jẹ́ obìnrin ló ṣíwájú nínú ìṣirò yẹn kan náà. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe dá ọpọlọ ni, báwo ló ṣe ń yí padà téèyàn bá ti ré ẹnubodè kọjá? Ìdánwò yẹn náà sì ni obìnrin ti fi máàkì 24 ju ọkùnrin lọ nínú ìwé kíkà, ṣé a máa wá ní Ọlọ́run ò fún ọkùnrin ní ojú ìwé kíkà ni?

Ọ̀dọ̀ àwa tíṣà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Sian Beilock, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2010 lórí àwọn tíṣà obìnrin tí ìṣirò ń bà lẹ́rù, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ kíláàsì 1 àti 2. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù tíṣà ò hàn lára máàkì ọmọ kankan, ìgbà tó fi máa parí, bí ẹ̀rù tíṣà bá ṣe pọ̀ tó làwọn ọmọbìnrin ṣe ń gbà pé ọkùnrin ló mọ ìṣirò, àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ sì ni máàkì wọn wálẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà, méje o.

Èmi náà jẹ̀bi. JSS 2 ni mò ń kọ́, mo ní kí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan jókòó sẹ́yìn kíláàsì kó máa fa igi kọ̀ọ̀kan síwèé bí mo bá ṣe ń pe ọmọ. Mo pe 25, ọkùnrin 18, obìnrin 7, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló pọ̀ jù ní kíláàsì yẹn! Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà kẹta tó máa ń gbọ́wọ́ dé ibi etí, tí á sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó yíjú, oṣù mélòó ni mo fi ń rò pé kò mọ nǹkan kan.

Mo bá kọ orúkọ gbogbo wọn sí páálí kéékèèké, mo kó o sínú agolo mílíìkì, orúkọ tí mo bá fà yọ ló máa dáhùn. Tí mo bá ti bi ìbéèrè, màá ka èní, èjì, ẹ̀ta nínú kí n tó fà á, torí ó ti pẹ́ tí Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti rí i pé àwa tíṣà kì í dúró ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ká sì ṣáà mú un dé mẹ́ta, ìdáhùn ọmọ á gùn, àwọn tó ń dákẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ ìlà kẹta yẹn, ìgbà kejì tí orúkọ ẹ̀ jáde, ó ṣe ìṣirò ìdọ́gba (equation) tí mo bi í lójú pátákó láìwẹ̀yìn. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yá agolo yẹn lọ́wọ́ mi, làwọn ọmọkùnrin tó máa ń sá sí tọ́lẹ́ẹ̀tì ní àsìkò kíkàwé sókè náà bá ń kàwé.

Ẹ̀yin òbí, wọ́n máa tó pín àwọn ọmọ sí sáyẹ́ǹsì àti áàtì ní SS 1. Tí wọ́n bá ní ọmọbìnrin yín ò lè ṣe sáyẹ́ǹsì, ẹ ní kó gbé ìwé ìṣirò ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ jọ ṣí i wò, ẹ wá ibi tó ti kọ́kọ́ ń ṣì í. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ìdá nǹkan, ìlàjì àti ìdámẹ́rin tí kò yé e láti praímárì 4 ló ń lé e kiri, ìyẹn ò sì ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.