Atẹ́gùn ni tiwa

Òkun o, bí àwa ará Òkun ní Kogí ṣe ń kíni nìyẹn, ẹ̀yin akọ̀ròyìn. Ọdún 2012 àti 2022 lẹ kà sí ọdún àjálù ní Kogí, òótọ́ sì ni. Odò Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya, wọ́n wọ ilé onílé ní Lọ́kọ́ja. Ní 2022, omi bo títì lápá Koton-Karfe, àwa tó ń ti Àbújá bọ̀ wálé há sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú wa nílẹ̀ Òkun, bíi Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà, jìnnà sí odò ńlá wọ̀nyẹn. Atẹ́gùn ló ń bá wa jà.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàrin oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ilẹ̀ á gbóná, ojú ọ̀run á ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn, ìjì á sì ṣáájú òjò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ká páànù ilé ìyá àgbà wa lọ sínú oko kajú aládùúgbò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwa ọmọdé wà, ìyá àgbà ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. N kò gbàgbé ohùn yẹn. Ìṣó lásán ni wọ́n fi kan òrùlé náà, kò sí wáyà tó dè é mọ́ ara ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì wà lónìí, a sì tún ń gé àwọn igi tó ń gba ìjì dúró fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bi àwọn àgbà wa léèrè kí wọ́n tó lọ tán. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọ ìwé ìjọba. Ọjọ́ orí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó jà la fi ń rántí rẹ̀.