Kì í ṣe òótọ́ pé pickup ọtomátíìkì kò lè gbé ẹrù wúwo

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé gíà ọtomátíìkì kò lágbára ẹrù, pé pickup mánúà nìkan ló yẹ kí oníṣòwò rà. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà.

Ẹ wo pickup Toyota Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.8 tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2020. Agbára tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń yí jẹ́ 500 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára ìyípo) pẹ̀lú ọtomátíìkì, ṣùgbọ́n 420 Nm péré ni pẹ̀lú mánúà. Òótọ́ ni pé ṣáájú ìgbà yẹn, ní Australia, mánúà 4x4 rẹ̀ (èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) lè fa ọkọ̀ ẹrù tí a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó wúwo tó 3,500 kg, tí ọtomátíìkì sì ń fa 3,200 kg. Ó ṣeé ṣe kí irú èyí ló fa àṣìṣe náà.

Ooru àti ọ́ìlì tó ti gbó ló máa ń ba ọtomátíìkì jẹ́, pàápàá bí ẹrù bá pọ̀ jù tí ọkọ̀ sì ń gun òkè. Mánúà náà ní tirẹ̀: ẹni tó bá ń fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè yóò jó kílọ́ọ̀ṣì náà.

Kí ẹ tó ra pickup, ẹ ka ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé lára sítíkà tó wà níbi férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí gíà bá ní ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ fà á yọ bí ìwé ọkọ̀ ṣe là á sílẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná kò dára. Ẹ ra ọkọ̀ náà nígbà tí mẹkáníìkì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.