Ṣé Jámánì ló ń paná ìgbàgbọ́ ọmọ ìjọ?

Ọjọ́ tí físà tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa máa fi lọ sí Jámánì jáde, ayọ̀ ni mo rò pé màá bá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá kan ló kọ́kọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń fi etí ìborùn nu ojú. "Tíṣà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi rèé o. Mo gbọ́ pé òyìnbó ti sọ ṣọ́ọ̀ṣì di ilé ọtí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá mi paná ọmọ yìí." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Wọ́n rìn dé ẹnu géètì, wọ́n tún padà wá: ṣé ẹ̀wù òtútù tí àwọn rà fún un nínú òkìríkà ní Dùgbẹ̀ nípọn tó?

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìyá yìí nìkan. Láti Òkè-Àdó títí dé Bódìjà, ìjọ tó bá ti ní òun fẹ́ kó ọ̀dọ́ lọ kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ẹlẹgbẹ́ wọn lókè òkun, ohun tí yóò gbọ́ nìyẹn. Òyìnbó tó gbé Bíbélì wá fún wa ti ju tiẹ̀ nù. Ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ẹni tí wọ́n bu omi lé lórí ni yóò padà dé. Èmi náà gba èyí gbọ́ rí, tọkàntọkàn. Mo tilẹ̀ ti fi ṣe ìwàásù.

Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní England àti Wales lọ́dún 2011, ìdá 59.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní Kristẹni. Ní 2021, ó ti já sí 46.2. Ní Jámánì tí àwa lọ, láti ọdún 2022 ni ọmọ ìjọ Kátólíìkì àti ti Pùròtẹ́sítáǹtì lápapọ̀ kò ti tó ìdajì ará ìlú mọ́. Ilé ìjọsìn tó di ilé ọtí náà wà lóòótọ́ láwọn ìlú kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka tiwọn. Ní Jámánì, ọmọ ìjọ ń san owó orí fún ìjọ, ìjọba ló sì ń bá ìjọ gbà á. Ní apá gúúsù níbi tí a dé sí, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí èèyàn ń san fún ìjọba ni wọ́n máa ń fi kún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ san mọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ́fíìsì ìjọba pé kí wọ́n yọ orúkọ òun. Ní tiwa ńkọ́? Ta ló ń yọ orúkọ lọ́dọ̀ wa? Ẹni tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wá gbẹ̀yìn, a ṣì ń kà á mọ́ra nígbà ìkórè, a ṣì ń fi káàdì ránṣẹ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé lókà gọ́fìmẹ́ǹtì ni èèyàn ti ń san ìdámẹ́wàá ní Ìbàdàn ni, mo fẹ́ rí iye tí ìwé wa ì bá kù sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan tó tóbi, èèyàn inú rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n lọ, irun orí wọn sì funfun bí òwú. Kò sí ìlù, kò sí àtẹ́wọ́. Dùùrù ńlá dún, wọ́n kọrin, àlùfáà wàásù wẹ́rẹ́, ó parí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa yọ́ sọ ọ́ sí mi létí pé, "Tíṣà, ṣé pé ìsìn ti parí ni àbí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù tún bà mí. Mo ní, ó dáa, ohun tí Mọ́mì oníborùn ń sọ rèé.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló tù mí nínú. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló gba méjì nínú àwọn ọmọbìnrin wa sílé, ọmọ ìyá oníborùn sì wà nínú wọn. Mo lọ wò wọ́n ní kùtù. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, wàràkàṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án. Ìyá náà ṣí ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní Losungen. Láti ọdún 1731 ni àwọn ará Herrnhut, ìyẹn ìjọ Moravia ní Jámánì, ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún: fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ kan láti inú Májẹ̀mú Láéláé, ẹsẹ kan láti inú Májẹ̀mú Tuntun. Ìbò ni wọ́n fi ń mú ti Májẹ̀mú Láéláé. (Nígbà tí mo sọ èyí nílé, bàbá kan lajú sí mi. Mo ní, "Bàbá, ìbò náà kọ́ ni wọ́n fi mú Màtíà?" Wọ́n dákẹ́.) Ìyá náà kà á, wọ́n di ojú, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní "Àmín", wọ́n wá gé búrẹ́dì. Àwọn ọmọ náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, àní títí kan ọjọ́ tí orúnkún ń dun ìyá náà tí wọn kò lè dìde.

Ọmọ wa kan ní, "Tíṣà, nílé wa, ìgbà tí ariwo bá kúrò nínú àdúrà la máa ń mọ̀ pé Mọ́mì ti sùn lọ."

Àwọn tó ti fi ìjọ sílẹ̀ kọ́ ló gba ọmọ wa sílé. Àwọn tó kù ni. Àwọn tó kù yìí, kò sí aládùúgbò tí yóò bi wọ́n léèrè bí wọn kò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń lọ.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn mọ̀. Württemberg, ní gúúsù Jámánì níbẹ̀, ni David Hinderer, míṣọ́nnárì tó gbé ìhìn rere wá sí Ìbàdàn, ti wá. Ọdún 1851 ló kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Ní 1853, òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì. Àwọn tó gbà wá lálejò kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Kí n tó bú wọn, mo bi àwọn ọ̀dọ́ tèmi: méjì péré ló mọ̀ ọ́n. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, oúnjẹ àti owó wọ́n fún tọkọtaya yìí, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ kò kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbé lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú Anna fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1869, àìsàn lé àwọn Hinderer padà sílé. Daniel Olúbí, ọmọ Yorùbá, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ìjọ Kúdẹtì kò sì kú. Bí òyìnbó ṣe lọ tí ìgbàgbọ́ kò bá wọn lọ, báwo ni ọjọ́ mẹ́wàá tí ọmọ wa lò lọ́dọ̀ wọn ṣe máa pa á?

Àwọn tó gba òdì kejì gbọ́ náà wà, àwọn tó ń dáwó ìrìn àjò pẹ̀lú ìrètí pé ọmọ yóò gbaná bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rọra. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kurt Ver Beek ṣe ìwádìí lórí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìjọ kó lọ kọ́lé ní Honduras lẹ́yìn ìjì Mitch ti 1998, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìrìn àjò náà yí ayé àwọn padà. Ó wá wo owó tí wọ́n fi ń ṣe ìtọrẹ lẹ́yìn tí wọ́n délé. Kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì.

Tiwa náà, ilé ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tí a dé, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún wa láti jẹ́rìí, ìgbà tó sì kan ẹnì kẹta ni wọ́n ti ń na ọwọ́ aago sí wa. Lẹ́yìn ìsìn, ṣokoléètì ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Kò sí ẹnì kan tó bi àwọn ọmọ náà pé kí ni wọ́n rí nípa Ọlọ́run lọ́hùn-ún. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin tó bi mí lójọ́sí bóyá ìsìn ti parí dìde ní ìpàdé ọ̀dọ́, ó ní ṣé a lè máa jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Àgbà kan dá a lóhùn lójú gbogbo wa: "Ẹ̀mí tútù tó gbé bọ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi lé e!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ yẹn kò wá mọ́.

Ẹ ò rí i, ńṣe ni gbogbo ìjọ wa ń sọ pé Jámánì ti bà á jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn jọ dẹ́kun wíwá, tí Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ibi tó jìnnà jù tó dé rí láyé rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ìlú tó ba ìyẹn jẹ́.

Ọmọ ìyá oníborùn ńkọ́? Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó máa ń pe ìyá Jámánì yẹn lórí WhatsApp, wọ́n á jọ ka ẹsẹ ọjọ́ náà. Nígbà òtútù wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà ooru, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa, ìyá náà á ti jẹun tán. Mọ́mì kọ́kọ́ ń ráhùn nítorí dátà. Nígbà tó yá, àwọn náà ń fa àga sún mọ́ fóònù, wọ́n ń kí ẹnì kejì ní "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Jámánì", ìyẹn á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mọ́mì dá mi dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣé mo rò pé ìyá náà ní ẹ̀wù tó nípọn tó?