Ẹni tó ń ra orí igún kò mọ ohun tó pa á

A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yìí. Síbẹ̀ ẹ dé ìsọ̀ elégbòogi, orí igún gbígbẹ wà lórí àtẹ. Èrò ọkàn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má rà á mọ́, ì báà ṣe fún àwúre, ì báà ṣe kí èèyàn lè rí ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Igún tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, èyí tí orí rẹ̀ pá tí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé. Nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ ló fi ń sàba. Ọmọ á tún pẹ́ tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìtẹ́ kó tó lè fò, bàbá àti ìyá á ṣì máa bọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹranko àti igbó, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó ti dé bèbè ìparun.

Àwọn kan á ní ẹranko pàápàá ń pa ẹyẹ, kí ló burú nínú tiwa? Ẹranko tó gun igi lọ jẹ ẹyin igún, ebi ló gbé e débẹ̀, ẹyin kan péré ló sì jẹ. Tiwa yàtọ̀. Oògùn apakòkòrò oko ni àwọn tó ń wá orí igún ń fi sí òkú ẹran. Igún kì í sì í dá jẹun: bí ọ̀kan bá ń rọ̀ sílẹ̀, àwọn tó wà lókè á rí i, wọ́n á tẹ̀ lé e. Òkú ẹran kan lè pa odidi agbo. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, láti ìparí 2019 wọ 2020, igún tó lé ní 2,000 ló kú báyìí, wọ́n sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ta ló lè fojú lásán mọ orí èyí tó jẹ májèlé nígbà tó bá ti gbẹ? Ẹni tó lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu ń fi ẹ̀mí aláìsàn wewu.

Kì í ṣe ọdẹ nìkan ló ń pa á o. Ní Íńdíà, diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù fún ìrora ló ba kíndìnrín àwọn igún tó jẹ òkú màlúù náà. Láàárín 1992 sí 2007, oríṣi kan dín kù ju ìpín 99 nínú 100 lọ. Ọdún 2006 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de lílo diclofenac fún ẹran. Ẹ̀yin dókítà ẹran, oògùn ìrora mìíràn, meloxicam, wà, kì í pa igún.

Bí ẹ bá rí igún bíi mélòó kan tó kú síbì kan, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ lé ajá àti ọmọdé jìnnà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ ka iye wọn, kí ẹ sì wá òkú ẹran tí wọ́n jẹ ní àyíká, torí bí ìyẹn bá wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, òmíràn á tún bà lé e. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba. Bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ kó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sin ín jìn débi tí ajá ò fi ní lè hú u.

Igi ńlá tí ìtẹ́ igún bá wà lórí rẹ̀, ẹ má gé e kí ọmọ inú rẹ̀ tó fò.